Òwú Tí Kò Ti Oko Wá

Ẹ fa òwú kan yọ lára aṣọ òwú, kí ẹ tú u wò. Fọ́nrán kéékèèké tí a ran pọ̀ ni ẹ ó rí. Ṣùgbọ́n fọ́nrán pọ́líẹ́sítà lè gùn tó ibùsọ̀ púpọ̀ láìjá. Kí ló fà á? Kò ti oko wá. J. R. Whinfield àti J. T. Dickson ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1941. Láti inú epo rọ̀bì ni èròjà rẹ̀ ti ń wá. Wọn a yọ́ ọ, wọn a fi ẹ̀rọ tì í gba ojú ihò tíntìntín, wọn a sì nà án kí ó lè lágbára.

Omi kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́ lára. Nítorí náà aṣọ rẹ̀ tètè ń gbẹ, kì í sì í rún bọ̀rọ̀. Ó dára fún kọ́tíìnì àti òwú ìránṣọ. Ṣùgbọ́n ohun tí a yọ́ kí a tó ṣe é, iná lè tún yọ́ ọ. Ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná janjan lé e, ẹ má sì wọ̀ ọ́ dáná. Bí ó bá yọ́ lẹ̀ mọ́ni lára, ẹ má fà á ya o. Omi tútù ni kí ẹ máa dà sí i, kí ẹ sì wá dókítà lọ.