Òfin Ló Sọ Ìbọn Ìléwọ́ Di Gígùn

Bàbá arúgbó kan, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti fi Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe ilé láti ọjọ́ pípẹ́, ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. À ń kọjá níwájú bárékè àwọn ọmọ ogun, ni Bàbá bá na ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn sí pápá tó wà níbẹ̀. "Ṣé o rí ibẹ̀ yẹn? Ibẹ̀ ni wọ́n ti díje ìbọn yíyìn nígbà Òlíńpíìkì 2012. Ìbọn ìléwọ́ tí àwọn àlejò fi gba góòlù níbẹ̀, bí ọlọ́pàá bá ká a mọ́ ọmọ ilẹ̀ yìí lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Èyí tí wọ́n gbà á láyè láti ní, ó ní ìrù lẹ́yìn."

Òótọ́ ni Bàbá sọ. Ìbọn ìléwọ́ tí àwọn tó ń fi ìbọn ṣeré ìdárayá ní England, Scotland àti Wales ń lò lónìí, ọ̀pá iwájú rẹ̀ kì í dín ní 30 sẹ̀ǹtímítà. Irin mìíràn tún yọ láti ẹ̀yìn ìdìmú rẹ̀, ó gba òkè apá ẹni tó dì í mú lọ sẹ́yìn. Ọta .22 ni wọ́n sábà máa ń kì í, ọta kékeré tí iléeṣẹ́ J. Stevens gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1887. Etí ìdí ọta náà ni èyí tó ń gba iná wà, kì í ṣe àárín. Kò wọ́n, kì í ti ènìyàn sẹ́yìn, ariwo rẹ̀ kò sì pọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi di ààyò àwọn tó ń yìnbọn sí bébà ní ọjọ́ ìsinmi.

Òfin méjì ló pàdé tí wọ́n fi bí ìbọn oníìrù. Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan pa ènìyàn 16 ní Hungerford ní 1987, òfin 1988 gbẹ́sẹ̀ lé ìbọn gígùn tó ń ki ọta fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ onítọta .22 sílẹ̀. Èkejì, òfin 1997, ni ó le jù; ohun tó bí i nìyí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Ẹrẹ́nà 1996, ọkùnrin kan wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Dunblane ní Scotland, ó pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn. Ìbọn ìléwọ́ mẹ́rin ló gbé wọlé, ó sì ní ìwé àṣẹ lórí wọn. Títí di òní, èmi kì í lè ka ìtàn ọjọ́ yẹn tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àwọn ará Scotland fi orúkọ òdòdó snowdrop, òdòdó tó ń tanná lásìkò yẹn, pe ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ó lé ní 700,000 ènìyàn fọwọ́ sí. Níbẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Lord Cullen tó ṣe ìwádìí dábàá pé kí wọ́n máa tú ẹ̀yà pàtàkì kúrò lára ìbọn tí wọn kò bá lò ó. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n gba irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó dá a ní. Ìjọba John Major ní èyí kò tó: kí gbogbo ìbọn ìléwọ́ tí ọta rẹ̀ ju .22 lọ kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n kí .22 wà ní títì pa nínú ẹgbẹ́ àwọn ayìnbọn. Àwọn ayìnbọn bẹ̀bẹ̀ pé ọta Òlíńpíìkì ni .22, ọta eré ni. Àwọn òbí tó sin ọmọ wọn kò gbà. Èmi náà kò lè bá wọn jà, nítorí ọta .22 yìí kan náà ni wọ́n fi pa Robert Kennedy, olóṣèlú Amẹ́ríkà, ní 1968. Nígbà tí Tony Blair wọlé ní oṣù Èbìbí 1997, kí ọdún yẹn tó parí, .22 náà ti bá àwọn yòókù lọ. Ìbọn tí wọ́n kó fún ọlọ́pàá lé ní 160,000.

Báwo ni òfin ṣe máa sọ ohun tí ìbọn ìléwọ́ jẹ́? Wọ́n fi ìwọ̀n sọ ọ́: èyíkéyìí tí ọ̀pá rẹ̀ kò tó 30 sẹ̀ǹtímítà, tàbí tí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò tó 60. Àwọn tó ń tún ìbọn ṣe ka ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì mú irin. Wọ́n mú ìbọn ìléwọ́ Ruger àti Browning onítọta .22, tí òfin 1988 yọ sílẹ̀, wọ́n na ọ̀pá wọn gùn, wọ́n so irin mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi pé 60. Ìdí ìbọn tó bá ṣeé ká tàbí tó ṣeé tú, òfin kì í kà á mọ́ ìwọ̀n; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so ó pọ̀ gírígírí. Àwọn kan láàárín àwọn ayìnbọn ṣì ń jà pé irin ẹ̀yìn wúlò, pé ó ń mú kí ìbọn dọ́gba lọ́wọ́, nítorí iwájú rẹ̀ wúwo. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan: bí ó bá jẹ́ ti ìdọ́gba, kí ló dé tí ó fi ń pé 60 sẹ̀ǹtímítà géérégé? Ẹni tó bá fẹ́ ìdọ́gba máa ń dín irin kù ni. Òfin ló rọ irin yẹn.

Mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ ará ìlú lẹ́yìn Dunblane. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pá ìwọ̀n ni wọ́n fi ṣe ìdájọ́, nítorí ó ya ọmọ ilé sọ́tọ̀ kúrò nínú eré tí àwọn baba rẹ̀ ti ń ṣe ní pápá ìbọn Bisley láti 1890. Àjọ tó ń darí eré ìbọn lágbàáyé ní kí ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n fi ń yìn ní mítà 25 wọ inú àpótí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà, kí ọ̀pá rẹ̀ má ju mìlímítà 153 lọ. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀pá nìkan kò gbọdọ̀ dín ní 30. Èyí tó tọ́ nílé kò wọ àpótí. Èyí tó wọ àpótí, ó kéré tán ọdún márùn-ún ni ilé ẹjọ́ máa ń ní lọ́kàn fún àgbàlagbà tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ láìgba àṣẹ. Nígbà ìdíje Commonwealth 2002, àfi ìgbà tí ìjọba fún àwọn ayìnbọn ní àṣẹ pàtàkì kí wọ́n tó lè yìnbọn ìléwọ́ ní Bisley. Mick Gault, ayìnbọn England tó gba àmì ẹ̀yẹ 18 nínú ìdíje náà láàárín 1994 sí 2014, lo ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ ìdènà yìí.

Nínú ìdíje mítà 50, èyí tí kò fi ìwọ̀n dé ọ̀pá ìbọn rárá, ni Jin Jong-oh ará South Korea ti gba góòlù ní Woolwich. Wọ́n ti yọ ìdíje náà kúrò nínú Òlíńpíìkì lẹ́yìn Rio 2016. Ní pápá nílé, dígí alámì pupa ti wọ orí ìbọn oníìrù, ọwọ́ méjèèjì ni ọ̀pọ̀ fi ń dì í mú. Ọwọ́ kan ni àwọn àgbà fi kọ́ ìbọn yíyìn: ẹsẹ̀ dúró, èémí dúró, ìka rọra. Òfin 1997 kò dé Northern Ireland, nítorí náà àwọn tí ọkàn wọn ṣì wà lára ti àtijọ́ máa ń sọdá omi lọ síbẹ̀, tàbí lọ sí Faransé àti Switzerland, láti fi ọwọ́ kan yin ìbọn kúkúrú tí wọn kò lè gbé wálé.