Rírọ̀ Táyà àti Àìtó Ìtẹ̀ Afẹ́fẹ́

Lẹ́bàá ọ̀nà Ìkẹjà àti Agége, àwọn fọkanáísà a máa sọ pé táyà ń jò, pé ó rọ̀, tàbí pé ó ti bẹ́. Ojú tàbí etí ni ó ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Àléébù kan wà tí kò bọ́ sí èyíkéyìí nínú wọn: kí afẹ́fẹ́ inú táyà má tó, síbẹ̀ kí táyà náà dúró bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Ìkẹjà ni olú ilé iṣẹ́ Nigeria Airways wà kí ó tó kógbá sílé ní 2003. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, 1991, ọkọ̀ òfurufú DC-8 tí ilé iṣẹ́ náà háyà lọ́wọ́ Nationair ti Kánádà gbéra ní Jeddah, ó ń kó àwọn onímọ̀ọ́kà padà sí Sókótó. Gbogbo ènìyàn 261 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú.

Méjì-méjì ni táyà ọkọ̀ yìí wà lórí ọ̀pá kan. Bí afẹ́fẹ́ ọ̀kan kò bá tó, ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò gba ẹrù kún ẹrù. Nítorí náà ni aláìtó kì í fi í rọ̀ lójú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí: táyà kìn-ín-ní gbóná, ó bẹ́ bí ọkọ̀ ti ń sáré, èkejì tẹ̀ lé e, kò yí mọ́, ó ń ha ilẹ̀ títí ó fi gbiná. Nígbà tí ọkọ̀ ká ẹsẹ̀ sókè, ó ká iná mọ́ ọn sínú. Kò sí ẹ̀rọ tí ń kìlọ̀ iná níbẹ̀.

Àwọn tí ń tọ́jú ọkọ̀ náà nílẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé afẹ́fẹ́ táyà kejì àti ìkẹrin kò tó. Wọn kò rí náítírójìn tí wọn yóò fi kún un, a kò sì fẹ́ kí ọkọ̀ náà pẹ́.

Orúkọ wo ni ó yẹ àléébù yìí? “Ìfúnpá” ti di ti ẹ̀jẹ̀, apá sì wà nínú rẹ̀. Kò bá táyà mu. “Ìtẹ̀” sàn jù, láti ara “tẹ̀”, kí àléébù náà sì jẹ́ “àìtó ìtẹ̀”. Ẹni tí ó bá kọ “ó rọ̀” sínú ìwé àyẹ̀wò lè dákẹ́ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ “àìtó ìtẹ̀” ni a óò bi pé èló ni ó kù, èló ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ní ti irinṣẹ́ tí ń dáhùn ìbéèrè náà, “géèjì” tó. Àwọn fọkanáísà ti sọ ọ́ di Yorùbá.