Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Ará Bràsíìlì Ń Sọ

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Pópó Àgùdà l'Ékòó, ẹ mọ̀ pé Bràsíìlì ni àwọn baba ńlá àwọn da Silva àti da Rocha ti padà wá. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó padà kò tó nǹkan lára àwọn tí ó lọ. Nǹkan bí mílíọ̀nù 5 ènìyàn ni wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà lọ síbẹ̀, kí òfin tó fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀ ní 1888. Àwọn ọmọ wọn ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ti dà pọ̀ mọ́ àwọn Potogí àti àwọn onílẹ̀ tí òyìnbó bá níbẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àwọn onímọ̀ tí ti Yunifásítì São Paulo ṣáájú wọn gbé iṣẹ́ ńlá kan jáde. Inú ara olúkúlùkù ni àkọsílẹ̀ kan wà tí à ń pè ní DNA, tí ó gùn tó lẹ́tà bílíọ̀nù 3. Láyé àtijọ́, ojú ibi mélòó kan ni wọ́n ń yẹ̀ wò, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú ibi bẹ́ẹ̀, lára òyìnbó ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tí ó fẹ́ ra àpò ẹ̀wà, tí ó kàn bu ẹ̀kúnwọ́ kan lókè wò ni. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n da gbogbo àpò sílẹ̀: wọ́n ka ti ènìyàn 2,723 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyàtọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀ rí tí wọ́n bá níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 8.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ká ni lára nìyí. Apá kan wà nínú DNA tí bàbá nìkan ń fi lé ọmọkùnrin lọ́wọ́; òmíràn wà tí ìyá nìkan ń fún gbogbo ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tọ ipa bàbá, nǹkan bí 71 nínú 100 já sí Yúróòpù. Nígbà tí wọ́n tọ ipa ìyá, nǹkan bí 42 já sí Áfíríkà, 35 já sọ́dọ̀ àwọn onílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe ìgbéyàwó alárinà ni èyí. Ohun tí ọ̀gá fi tipátipá ṣe fún ẹrúbìnrin, tí kò sí akọ̀wé tí ó kọ ọ́, ara àwọn ọmọ-ọmọ ni ó wà.

Kì í ṣe ìtàn nìkan. Bí dókítà bá rí ìyàtọ̀ kan lára aláìsàn, tí ìwé òyìnbó kò sì mọ̀ ọ́n, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá àrùn ni tàbí ogún lásán? Ní 2010 ni wọ́n rí ìyàtọ̀ méjì nínú jíìnì APOL1, tí ó wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá. Ó ń dáàbò boni lọ́wọ́ irú kòkòrò àìsàn oorun kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ewu àrùn kíndìnrín rẹ̀ ga ju ti ẹlòmíràn lọ. Àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ èyí tí ó ti Áfíríkà wá? Wọ́n ń fi wé ti ẹlòmíràn ni. Àwọn ará Ìbàdàn kan fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ HapMap tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ó sì ti di òṣùwọ̀n fún àwọn onímọ̀ káàkiri ayé. Nítorí náà, bí àlejò kan bá ti Bahia dé, tí ìwé ọwọ́ rẹ̀ ní Yorùbá ni, ẹ kí i káàbọ̀ tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi ilẹ̀ ìdílé hàn án. Ohun tí ìwé náà ń sọ ni pé ó jọ àwọn ará Ìbàdàn wọ̀nyẹn. Àwọn Fọ̀n àti Ẹ̀sán náà jọ wọ́n púpọ̀, kò sì lè sọ bóyá Kétu ni tàbí Ìjẹ̀ṣà.