Níbi tí èdè ẹ̀rọ méjì ti pàdé, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń sọnù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí wọ́n bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọgbọ́n ńlá ni èyí láàrin ènìyàn sí ènìyàn. Ṣùgbọ́n láàrin ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ, ewu ni. Bí ẹ̀rọ kan bá ránṣẹ́ pé nǹkan ti bàjẹ́, tí èkejì sì gbà á bí ìròyìn ayọ̀, owó olówó lè bá a lọ.

Àwọn tí ń lo POS ní Mọníyà, Lálúpọn, Ẹgbẹ́dá àti Àkànràn mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń sọ. Àgbẹ̀ á ta iṣu tán, á fẹ́ gba owó nídìí POS. Báńkì á ti yọ owó lórí káàdì rẹ̀, ṣùgbọ́n POS á ní kò ṣeé ṣe. Onísọ́ọ̀bù kò ní fún un lówó, àgbẹ̀ kò sì ní fẹ́ lọ. Àwọn méjèèjì á wá máa wo ara wọn bí olè. "Nẹ́tíwọ̀kì ni" ni gbogbo ènìyàn máa ń wí. Òótọ́ ni pé nẹ́tíwọ̀kì máa ń dá kún un, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà túfọ̀ ìṣòro fún ara wọn wà lára rẹ̀.

Èdè púpọ̀ nínú fóònù kan

Èdè ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà fi ń kọ ìlànà tí ẹ̀rọ yóò tẹ̀ lé, èdè náà kò sì jẹ́ ọ̀kan. Dennis Ritchie ló dá èyí tí wọ́n ń pè ní C sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1972. Java jáde ní ọdún 1995. Rust, tí ó jẹ́ àbúrò wọn, jáde ní kíkún ní ọdún 2015. Nínú fóònù Android kan ṣoṣo, àwọn èdè wọ̀nyí ń gbé pọ̀. Java tàbí Kotlin ni wọ́n sábà fi ń kọ ohun tí ojú wa ń rí. C àti C++ ló pọ̀ jù ní ìpìlẹ̀, Rust sì ti dara pọ̀ mọ́ wọn níbẹ̀ láti ọdún 2021.

Èdè kọ̀ọ̀kan ló ní àṣà tirẹ̀ bí ìṣòro bá dé. C máa ń dá nọ́ńbà padà. Bí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ kò bá wo nọ́ńbà náà, iṣẹ́ á máa lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Java máa ń figbe ta. Á da iṣẹ́ sílẹ̀, igbe náà á sì máa lọ títí yóò fi rí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Rust máa ń di èsì bí ẹrù, yálà ire tàbí ìṣòro. Ẹni tí ó bá gbà á gbọ́dọ̀ tú u wò kí ó tó lo ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ ní ààlà. Ẹ fi ọjà màlúù Akínyẹlé wò ó. Bí Fúlàní tí ó ni màlúù bá sọ ní èdè rẹ̀ pé ara ẹran náà kò yá, tí ògbufọ̀ kò sì sọ ọ́ fún Yorùbá tí ó fẹ́ rà á, ẹni tí ń tà kò purọ́, etí ẹni tí ń rà kò sì di. Àárín méjì ni ọ̀rọ̀ ti sọnù. Bákan náà, bí Java bá figbe ta nígbà tí C wà lẹ́nu iṣẹ́, C kì í gbọ́, àfi bí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé kí ó máa béèrè. Ní ti Rust, bí ìjayà rẹ̀ bá sọdá sínú C nígbà kan, kò sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí yóò já sí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, nínú ẹ̀dà 1.81, àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ ṣe é pé kí iṣẹ́ náà dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kàkà kí irú ìjayà bẹ́ẹ̀ sọdá. Ó sàn kí iṣẹ́ dúró ju kí ó máa lọ lórí irọ́.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó fọ́ lójú òfurufú

Irú àṣìgbọ́ yìí lè wáyé láàrin ẹ̀rọ méjì pẹ̀lú. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 1996, àwọn ará Yúróòpù kọ́kọ́ fi rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 ránṣẹ́ sókè láti Kourou ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Nọ́ńbà kan tóbi ju àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un, ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ìrìn rọ́kẹ́ẹ̀tì náà sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó fi ìròyìn ìṣòro ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àgbà. Kọ̀ǹpútà àgbà kà á bí ìròyìn ìrìn, ó sì yí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà sódì. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí ó gbéra tí ó fi fọ́ yángá, tòun ti sátẹ́láìtì mẹ́rin tí ó gbé.

Nídìí POS ńkọ́?

Láti ṣọ́ọ̀bù POS dé báńkì tí ó ni káàdì, ọwọ́ ẹ̀rọ púpọ̀ ni iṣẹ́ náà ń gbà kọjá. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ṣe àdéhùn láàrin ara wọn: 00 ni pé ó ti ṣe é ṣe, 51 ni pé owó kò tó, 91 ni pé ẹ̀rọ báńkì tàbí ti àárín kò ṣiṣẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ló le jù. Bí èsì kò bá padà, POS kò lè mọ̀ bóyá báńkì ti yọ owó kí ọ̀nà tó já. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣètò pé kí POS tún ránṣẹ́ pé kí báńkì dá owó náà padà. Bí iṣẹ́ kejì yìí náà bá sọnù, ó di ọwọ́ ènìyàn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, pàṣẹ pé kí àwọn báńkì yanjú irú ẹjọ́ POS bẹ́ẹ̀ láàrin wákàtí 72.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí wa tí ń lo POS, ẹ má ṣe yára tẹ káàdì lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kọ́kọ́ yẹ owó yín wò. Ẹ gba ìwé tí POS bá tẹ̀ jáde, kódà bí ó bá ní kò ṣeé ṣe, nítorí ọjọ́ àti wákàtí tí ó wà lórí rẹ̀ ni báńkì yóò fi tọpasẹ̀ owó náà. Ẹ má sì bá onísọ́ọ̀bù jà, ó lè jẹ́ pé òun náà kò gba nǹkan kan.

Ní ti àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ wọn bí ògbufọ̀ kò ju ọ̀kan lọ: bí ìṣòro bá dé ààlà, kí wọ́n jẹ́ kí ó sọdá bí ó ti rí, ní èdè tí ẹni tí ó wà ní òdìkejì gbọ́. Níbẹ̀, iṣẹ́ ẹrú ni kí wọ́n jẹ́ bí iṣẹ́ ẹrú.