Ìdílé Ọba Béhanzin ní erékùṣù Martinique

Ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, akọni tó gbógun ti Faransé ni wọ́n fi Ọba Béhanzin hàn wá. Tí a bá padà dé Kétu, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀: ọmọ Glẹ̀lẹ̀ ni, Glẹ̀lẹ̀ tí àwọn jagunjagun rẹ̀ fọ́ Kétu ní 1886, tí wọ́n sì kó ará ìlú lẹ́rú lọ sí Agbómẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí a kì í fi í sọ̀rọ̀ nípa ọdún méjìlá tí òun àti ìdílé rẹ̀ lò lókè òkun. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí a ṣe rò lọ.

Oṣù Kọkànlá 1892 ni Dodds, ọ̀gágun Faransé tí wọ́n bí ní Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà, wọ Agbómẹ̀. Béhanzin fara pamọ́ fún ohun tó lé ní ọdún kan, kó tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní Oṣù Kìíní 1894. Faransé kò jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Martinique, erékùṣù kan lábẹ́ Faransé ní òkun Kàríbíà, pẹ̀lú díẹ̀ nínú àwọn ayaba, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọkùnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Ouanilo, àti ẹmẹ̀wà díẹ̀. Fort Tartenson, odi ológun lórí òkè tó kọjú sí ìlú Fort-de-France, ni wọ́n fi wọ́n sí.

Oòrùn ibẹ̀ kò ṣàjèjì sí wọn. Wọ́n ń gbin iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ará ìlú gan-an ni ọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ wọn: aláwọ̀ dúdú ni púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n èdè kréyòl ni wọ́n ń sọ, orúkọ Faransé ni wọ́n sì ń jẹ́. Ìran àwọn ẹrú ni wọ́n. 1848 ni Faransé tó fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀. Láti Ouidah, èbúté Dàhòmì, ni wọ́n ti kó lára àwọn baba ńlá wọn sọdá òkun. Ìdílé ọba tó ta èèyàn wá di aládùúgbò àwọn ọmọ ẹni tí wọ́n tà.

Bàbá ń kọ lẹ́tà lórí lẹ́tà sí ìjọba Faransé pé kí wọ́n jẹ́ kí òun padà sí Dàhòmì; ọmọ ń di ará Faransé. Ouanilo kàwé, ó di agbẹjọ́rò ní Bordeaux. Ní 1906, nígbà tí àìsàn ti wọ ọba lára, Alijéríà ni wọ́n gbé e lọ dípò ilé. Ibẹ̀ ló kú sí ní Oṣù Kejìlá ọdún náà. Ó di 1928 kí Ouanilo tó sin egungun bàbá rẹ̀ wálé. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń padà lọ sí Faransé, Dakar ni ikú pa á sí.

Ibi tó ti kàn wá nìyí. Ogun tó lé ìdílé yẹn lọ sí erékùṣù ló ṣí ọ̀nà fún àwọn ẹrú Kétu láti padà wálé. Láàárín 1893 sí 1894 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìlú kọ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sóko ẹrú tẹ̀lé wọn bọ̀, wọn kò sì tíì fojú kan Kétu rí.

Orúkọ agboolé àwọn tó padà wọ̀nyí ni a ń kó jọ báyìí. Ẹni tó bá mọ oríkì ìdílé tó mẹ́nu ba Agbómẹ̀, kó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́, kó sì fi orúkọ agboolé náà kún un.