Windows Me àti Windows 2000: ọdún kan náà, ìpìlẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Lọ́dún 2000, Microsoft gbé Windows méjì jáde. Windows 2000 dé ní oṣù Kejì, Windows Me sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tó bá wo ojú wọn lásán á ní ọmọ ìyá ni wọ́n, nítorí bọ́tìnnì Start kan náà ló wà nísàlẹ̀ àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n orísun wọn kò pa pọ̀ rárá. Me ni àbígbẹ̀yìn ìlà Windows 95 àti 98, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú DOS. Windows 2000 wá láti ìlà NT, tí Dave Cutler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní 1988, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jáde ní 1993. Nítorí náà, àwọn tó máa ń to Windows àtijọ́ tẹ̀ léra bí ọdún wọn ṣe tẹ̀ léra ń fojú fo ohun tó ṣe pàtàkì jù. Ìpìlẹ̀ ló yẹ ká fi wé ìpìlẹ̀.

Ẹ wo mẹ́mórì. Nínú ìlà Windows 95, apá kan wà tí gbogbo sọ́fítíwíà jọ ń lò, tí kò sì sí ohun tó ní kí èyíkéyìí má kọ nǹkan síbẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣe àṣìṣe, ó lè mú gbogbo kọ̀ǹpútà dákú. NT kò fàyè gba irú rẹ̀: sọ́fítíwíà tó bá bàjẹ́ á kú ní tirẹ̀, iṣẹ́ yòókù á máa lọ. Àpẹẹrẹ mìíràn fara sin díẹ̀. Windows 95 àti 98 máa ń pín sẹ́kọ́ǹdù kọ̀ọ̀kan sọ́nà 1,000, wọ́n á sì máa kà wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti tan kọ̀ǹpútà, nínú nọ́ńbà tí kò lè kọjá 4,294,967,295. Lẹ́yìn ọjọ́ 49 àti wákàtí 17, nọ́ńbà náà á kún, kọ̀ǹpútà náà sì lè gan pa. Microsoft ṣe àtúnṣe rẹ̀ nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé àwọn tó kọ ọ́ kò retí kí kọ̀ǹpútà wà ní títàn fún ọ̀sẹ̀ méje. Kọ̀ǹpútà ilé ni wọ́n ní lọ́kàn, èyí tí wọ́n ń pa lálaalẹ́.

Ìyàtọ̀ tó kan àwa tí ń kọ Yorùbá jù wà nínú lẹ́tà. Àyè 256 péré ni ìlà Windows 98 ní fún àwọn lẹ́tà tí ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù ń lò. É àti à wà níbẹ̀ nítorí Faransé nílò wọn. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Èyí ló mú kí àwọn èèyàn máa ṣe fọ́ǹtì àkànṣe tó ń fi lẹ́tà wa rọ́pò àmì mìíràn, tí ìwé tí wọ́n bá sì gbé lọ sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì náà á di jágbajàgba. Unicode ni wọ́n fi kọ́ NT láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ níbẹ̀, 1EB9. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ìgbà náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì ohùn ka orí ẹ dáadáa. Síbẹ̀, lẹ́tà náà kì í sọnù.

Àwọn kan á ní Windows 98 fúyẹ́, òótọ́ sì ni. 16 MB mẹ́mórì tó o láti bẹ̀rẹ̀. 64 MB ni Windows 2000 ń béèrè. Windows 98 tún ń gbé àwọn géèmù DOS tó fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ fúnra wọn, ohun tí NT kò gbà. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lágbára ṣe dáadáa bó ṣe dúró ti 98. Me ni kò ní àwíjàre yìí. Ó mú System Restore wá, mo gbóríyìn fún un nítorí ìyẹn, ṣùgbọ́n ó ti ilẹ̀kùn DOS mọ́ àwọn èèyàn, ó sì fi àìlera DOS sílẹ̀ sínú ilé.

Àtakò tó le jù ni ti Blaster, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó jà lóṣù Kẹjọ 2003. Windows 2000 àti XP, tí wọ́n jẹ́ ìlà NT, ló kọ lù. Kò rí 98 àti Me gbé ṣe. Ṣé ìpìlẹ̀ tí mo ń yìn kọ́ ló gbàlejò olè yìí? Iṣẹ́ ìsopọ̀ kan tí ìlà NT ń ṣe ni Blaster gbà wọlé, Microsoft sì ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde lóṣù Keje. XP ní ohun tó lè dí i lọ́nà pẹ̀lú, àmọ́ wọn kì í tan án fún oníbàárà títí Service Pack 2 fi dé ní 2004. Ìyẹn ṣeé tún ṣe, wọ́n sì tún un ṣe. Ní Windows 98, ẹni tí kò mọ pásíwọ́ọ̀dù kàn lè tẹ Esc, kó sì wọlé. Kò sí àtúnṣe tó lè wo èyí sàn, nítorí FAT32 tí 98 ń kó fáìlì sí kò ní ibi kankan tó ti lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ta ló ni fáìlì, ta ni kò gbọdọ̀ ṣí i. NTFS ti ìlà NT ní in láti 1993.