Kí ló dé tí kátítà fi ń pẹ́ lára lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ prostate?

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ààfin Buckingham kéde pé Ọba Charles Kẹta ń lọ sí ilé ìwòsàn nítorí prostate rẹ̀ tó wú. Wọ́n ní wíwú náà kì í ṣe jẹjẹrẹ. Bí ìròyìn yẹn ti jáde ni àwọn ènìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ya bo ojú òpó NHS, àjọ ìlera ìjọba wọn, láti kà nípa àìsàn tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í fẹ́ dárúkọ. Kábíyèsí sùn òru mẹ́ta ní London Clinic, ó sì padà sílé.

Ibẹ̀ ni ìròyìn máa ń parí sí: wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, aláìsàn lọ sílé. Àmọ́ ọ̀pọ̀ bàbá ló ń bá rọ́bà ìtọ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní kátítà lọ sílé. Wọ́n ti sọ fún wọn pé ọjọ́ díẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, ìtọ̀ kọ̀, wọ́n sì tún òmíràn fi sí i. Ọ̀sẹ̀ kan di mẹ́ta, mẹ́ta di oṣù méjì. Àwọn kan gbà pé dókítà ló ba iṣẹ́ jẹ́, àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ká mi lára jù ni àwọn tó ti gba kámú, tí wọn kò tilẹ̀ béèrè ọjọ́ tí yóò kúrò mọ́. Kò yẹ kí rọ́bà ìtọ̀ kankan wà lára ènìyàn láìní ìdí tí a mọ̀, láìní ọjọ́ tí a ó pààrọ̀ rẹ̀, láìní ètò bí yóò ṣe kúrò.

Nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ni prostate wà, ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde sì la àárín rẹ̀ kọjá. Lára ọ̀dọ́kùnrin, kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 20 sí 25 lọ. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ló ń wú. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọkùnrin tó ti lé ní 50 ọdún ló máa ń ní wíwú yìí, nígbà tí wọ́n bá sì fi kọjá 80, díẹ̀ ló kù tí kò ní in. Ìtọ̀ á wá máa kán tótó, bàbá á máa jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, títí ọ̀nà náà yóò fi dí pátápátá lọ́jọ́ kan. Dókítà lè gba ojú ara wọlé láti ha ohun tó wú náà kúrò, ó sì lè la abẹ́ ìdodo. Ọ̀nà kejì yìí ṣì wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, torí pé prostate ti máa ń tóbi jù kí aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, irinṣẹ́ ọ̀nà kìíní kò sì sí níbi gbogbo. Bí gbogbo nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, kátítà á kúrò láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, tàbí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ti kejì.

Kí ló dé tí kì í rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn? Ẹran ara ni àpò ìtọ̀, òun ló ń súnkì láti ti ìtọ̀ jáde. Tó bá ti gba nǹkan bíi mìlílítà 400 sí 500, ó yẹ kí ìtọ̀ gbọ̀n wá. Bàbá tí ọ̀nà rẹ̀ ti há fún ọdún púpọ̀ lè máa gbé lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kiri nínú, kó má sì mọ̀. Ẹran ara náà á wá dà bíi rọ́bà ìbàdí ṣòkòtò tó ti fà jù, tí kò lè padà mọ́. Iṣẹ́ abẹ la ọ̀nà, kò sì lè fún àpò ìtọ̀ lágbára lọ́jọ́ kan náà. Òun fúnra rẹ̀ ní láti sinmi kó tó gbérí, kátítà ló sì ń jẹ́ kó rí ìsinmi náà. Fún àwọn kan, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ti tó. Fún àwọn mìíràn, oṣù díẹ̀ ni. Àwọn kan wà tí agbára náà kò ní padà tán, ó sì yẹ kí dókítà sọ ọ́ fún wọn kó tó gbé ọ̀bẹ.

Àwọn ìdí mìíràn wà. Ojú ọgbẹ́ lè ṣì wú, ẹ̀jẹ̀ dídì lè dí ọ̀nà, àpá lè fún un pa lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Àtọ̀gbẹ lè ti ba iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sí àpò ìtọ̀ jẹ́. Ìgbẹ́ líle lásán lè tì í pa. Oògùn ọ̀fìnkìn tí à ń rà ní kẹ́míìsì lè dá ìtọ̀ dúró pẹ̀lú, nítorí náà kí ẹni tó ń lo kátítà tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ béèrè kó tó gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ ni àgbo, pàápàá èyí tí wọ́n fi ọtí pò. Kí dókítà gbọ́ nípa rẹ̀ kí ẹ tó mu ún.

Frederic Foley, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló ṣe rọ́bà ìtọ̀ bó ṣe wà lónìí, ní àwọn ọdún 1930. Ó fi fèrè kékeré kan sí ìpẹ̀kun rẹ̀. Tí rọ́bà bá ti wọ àpò ìtọ̀, nọ́ọ̀sì á fi síríńjì rọ omi sínú fèrè yìí, mìlílítà 10 ló sábà máa ń jẹ́, fèrè á sì wú, rọ́bà kò ní yọ́ jáde mọ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi léwu kí ẹnikẹ́ni fà á yọ tàbí kó mú àlùmọ́gàjí gé e nílé. Fèrè tó wú yẹn á fa ọ̀nà ìtọ̀ ya bó ti ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì bo bàbá. Rọ́bà tí wọ́n sì gé lè sá wọ inú lọ.

Ẹ wo páálí tó ti inú rẹ̀ jáde. Ohun tí wọ́n fi ṣe é ṣe pàtàkì. Rọ́bà látẹ́ẹ̀sì kò yẹ kó pẹ́ ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, ti sílíkónì lè tó ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ béèrè èwo ni wọ́n fi sí i, ẹ kọ ọjọ́ náà sára káàdì, kí ọmọ ya fọ́tò páálí náà sórí fóònù rẹ̀. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé rọ́bà tí wọ́n gbàgbé sára á hu ẹfun, òkúta á dì mọ́ fèrè inú rẹ̀, fèrè náà kò sì ní lè rọlẹ̀ mọ́. Nígbà náà, yíyọ rẹ̀ á di iṣẹ́ abẹ mìíràn.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́ kò le. Ọṣẹ àti omi lásán la fi ń fọ ibi tí rọ́bà gbà wọlé, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ má fi Dettol sí i. Kí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án fọ ọwọ́ kó tó ṣe é, kó sì tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kí rọ́bà so mọ́ itan, kó má baà máa fa ojú ara. Báàgì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ju àpò ìtọ̀ lọ nígbà gbogbo, kí ìtọ̀ má baà padà sínú, àmọ́ kó má fara kan ilẹ̀. Lóru, ẹ fi báàgì ńlá kọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́sàn-án, báàgì kékeré wà tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀. Ṣòkòtò wa tó fẹ̀ bò ó dáadáa, ẹni tó wọ agbádá lé e lè jókòó ní òde ìnáwó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ̀, bó bá ṣáà ti ń tú u dànù kó tó kún. Kò sì sí ìdí láti yẹra fún omi. Lítà kan àbọ̀ sí méjì lójúmọ́ ló ń jẹ́ kí ọ̀nà ṣí, àyàfi bí àìsàn ọkàn tàbí kíndìnrín bá ti mú kí dókítà dín in kù.

Ìrun ńkọ́? Mùsùlùmí tó ń lo kátítà kò ní láti pa á tì. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ìtọ̀ kì í dá lára rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn. Wọ́n ti fún un ní ìrọ̀rùn tipẹ́tipẹ́, pé kó ṣe àlùwàlá bí àkókò bá wọlé, kó sì kírun bó ṣe wà. Kó tú báàgì dànù ṣáájú, kó sì bá ààfáà rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀.

Ohun tó máa ń dẹ́rù ba ènìyàn jù ni kí abẹ́ inú máa fún un lójijì, kí ìtọ̀ sì máa gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà jáde. Àpò ìtọ̀ ló ń súnkì, tó fẹ́ ti àjèjì náà jáde. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá rọ́bà ti ká tàbí ó dí, bóyá ìgbẹ́ kò yà. Bí kò bá sí èyí, oògùn wà tó ń mú un rọlẹ̀. Rọ́bà tó sanra jù kọ́ ni ojútùú rẹ̀, nígbà mìíràn ó tún ń dá kún un ni.

Ọ̀rọ̀ kòkòrò àìfojúrí gba kí a fara balẹ̀. Bí kátítà bá ti lo bí oṣù kan, ìtọ̀ gbogbo ẹni tó ń lò ó, àyàfi díẹ̀, ló ti ní kòkòrò. Kòkòrò náà ń lẹ̀ mọ́ ara rọ́bà, oògùn apakòkòrò kò sì lè fọ̀ ọ́ kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, bí àyẹ̀wò bá rí kòkòrò tàbí tí ìtọ̀ bá ń rùn, tí ara bàbá sì le, kò sí ìdí láti sáré ra apakòkòrò. Ohun tí lílò rẹ̀ léraléra ń ṣe ni pé yóò ya kòkòrò lágídí, oògùn kò sì ní ràn án lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé. Èyí tó jẹ́ ọ̀ràn ni ibà, òtútù tó ń gbọ̀n ní pépé, ẹ̀gbẹ́ ríro, tàbí kí àgbàlagbà ṣàdédé máa sọ ìsọkúsọ. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Bákan náà ni bí báàgì bá gbẹ fún wákàtí mélòó kan tí abẹ́ inú sì ń le, bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá ń jáde, tàbí bí rọ́bà bá já bọ́. Ìtọ̀ tó kàn pọ́n díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kì í sábà burú: èépá ojú ọgbẹ́ ló ń ré, omi mímu á sì fọ̀ ọ́.

Èyí tí wọn kì í béèrè ni ti ìyàwó. Ó ṣeé ṣe kí tọkọtaya súnmọ́ra pẹ̀lú kátítà, bí ojú ọgbẹ́ bá ti jinná tí dókítà sì fọwọ́ sí i. Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ yóò ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ká rọ́bà náà sẹ́yìn lábẹ́ kọ́ńdọ̀mù. Ẹ béèrè, ẹ má tijú.

Òwúrọ̀ ni wọ́n sábà máa ń yọ rọ́bà láti dán àpò ìtọ̀ wò, kí ilẹ̀ má baà ṣú bí ó bá kọ̀. Dókítà lè ti fún bàbá ní oògùn tamsulosin lo fún ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, kí ọ̀nà lè dẹ̀. Nọ́ọ̀sì á fa omi inú fèrè tán pẹ̀lú síríńjì. "Bàbá, ẹ mí kanlẹ̀." Rọ́bà á yọ́ jáde, á ta díẹ̀, á sì tán. Bàbá á wá máa mu omi díẹ̀díẹ̀, ife kan láàárín wákàtí kan, kì í ṣe àmupọ̀, torí pé àpò ìtọ̀ tí a bá tún fún ní ẹrù púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn lè ṣákìí. Inú jọ́ọ̀gì ni yóò máa tọ̀ sí, kí wọ́n lè wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ẹ̀rọ sikáànù wo èyí tó ṣẹ́kù nínú. Bí ó bá kọ̀, wọ́n á dá rọ́bà padà, wọ́n á sì tún gbìyànjú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó tó kí bàbá béèrè ọjọ́ ìgbìyànjú kejì kó tó kúrò níbẹ̀.

Bí ìgbìyànjú bá kọ̀ léraléra, àyẹ̀wò wà tó ń wọn agbára tí àpò ìtọ̀ fi ń súnkì, kí dókítà lè mọ̀ bóyá ọ̀nà ló tún há ni àbí ẹran ara ló rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó rẹ̀, wọ́n lè gba abẹ́ ìdodo fi rọ́bà sí i, èyí tí kò ní máa ha ojú ara. Ọ̀nà mìíràn wà tí mo rò pé ó yẹ kí wọ́n máa sọ fún àwọn bàbá wa ju bí wọ́n ti ń sọ lọ. Ní 1972, Jack Lapides ní Yunifásítì Michigan fi hàn pé aláìsàn lè máa fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tú ìtọ̀ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì yọ ọ́ kíá, pé ọwọ́ tó mọ́ ti tó. Ó ya ọ̀pọ̀ dókítà lẹ́nu nígbà náà. Lónìí, bàbá tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ṣì dára lè kọ́ ọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kó máa ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin sí mẹ́fà lójúmọ́, láìsí báàgì kankan ní ẹsẹ̀. Bí ìtọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń tọ̀ bá ti ń pọ̀ sí i, tí èyí tó ń bá nínú sì ń dín kù, dókítà á ní kó dín iye ìgbà náà kù, títí yóò fi lè fi rọ́bà sílẹ̀.